Màmá mi fẹ́ kí n jẹ́rìí níwájú ìjọ, mi ò fẹ́

ỌmọWàńdó

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Wàńdó ní Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n bí mi sí, Amẹ́ríkà ni mo ti ń kàwé, ìsinmi ló gbé mi wálé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí láti ọjọ́ Àìkú, èmi àti màmá mi ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ wà lórí iná" lọ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan gbé ìbọn wọ yunifásítì wa. Ó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ṣe àwọn mìíràn léṣe. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, mi ò sì ní ka iye ẹni tó kú. Ẹ má bínú.

Inú làbó ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Gbogbo fóònù tó wà nínú yàrá dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ìwé ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ẹ sá, bí ẹ ò bá lè sá, ẹ fara pamọ́, bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ jà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ti Àjàṣẹ́ lọ ni mo máa ń rò pé eré ni. Ilẹ̀kùn làbó yẹn, ìta ló ń ṣí sí, tábìlì ò lè dí i. Ọmọkùnrin kan bọ́ ìgbànú ṣòkòtò rẹ̀, ó fi so irin tó wà lókè ilẹ̀kùn pinpin. A pa iná, a sì jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Màmá mi ni. Ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn, wọn ò sì mọ nǹkan kan. Ìpè tí wọ́n máa ń pè kí wọ́n tó lọ sùn ni. Mo ti pa ohùn fóònù, ṣùgbọ́n iná ojú rẹ̀ ń tàn yàà nínú òkùnkùn yẹn, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó lé e. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ mi, ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n ní ká na ọwọ́ sókè, wọ́n kó wa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù àwọn náà bà mí, torí àwa ni wọ́n na ìbọn tiwọn sí.

Ní báyìí, màmá mi ti rán aṣọ, wọ́n ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ìdúpẹ́ ńlá ni wọ́n fẹ́ ṣe, kí n dúró níwájú ìjọ kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ mí. Wọ́n tiẹ̀ ti yan ibi tí a máa kà: Orin Dáfídì 91, níbi tó ti ní ẹgbẹ̀rún yóò ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n kò ní súnmọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣubú yẹn, tábìlì kan náà la jọ ń lò ní làbó. Yàrá mìíràn ló wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Òun náà ní ìyá, ìyá rẹ̀ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu wo ni màá fi ka ẹsẹ yẹn?

Mo sọ fún màmá mi pé mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní òyìnbó ti bà mí jẹ́. Ṣé mo burú ni?

Baba_Àjàrá

Ọmọ mi, o kú ewu. O kú ewu gan-an ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, àwọn àgbà ti sọ ohun tó fi jọ. Kì í ṣe màmá rẹ nìkan ló gbàdúrà. Bí mo ṣe mọ àwọn ìyá ìjọ, wọ́n ti gbààwẹ̀ nítorí físà rẹ, wọ́n ti dáwó jọ nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ò pé, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ. Wọ́n gbọ́ pé ìbọn dún níbi tí o wà. Wọ́n gbọ́ pé o ti dé. Bí o ò bá wá yọjú sí wọn, kí ni kí màmá rẹ wí? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Dúró, sọ pé Olúwa ṣeun, jókòó.

Sẹ́gun229

Ṣé wọ́n mú ọmọ yẹn ni àbí ó pa ara rẹ̀? Irú ìbọn wo ló lò?

Alábòójútó

Sẹ́gun229, mo ti pa èyí tí o kọ tẹ̀ lé e rẹ́. Ẹni tó bá tún ní ká wá fídíò fún òun, màá tì í síta.

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀ẹ́

Baba Àjàrá, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ o: kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́nu yín, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Nínú ara ọmọ yẹn, gbogbo ọ̀sán yẹn ló máa padà dé: àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ó, oorun á sì dá títí ọjọ́ mélòó kan.

Mo máa ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ náà mọ ariwo ìbọn. Ní oṣù kẹrin 2021, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò ààrẹ, wọ́n dí títì ńlá tó ń lọ sí Pàràkú nílùú wa, àwọn ológun wá ṣí i, ìbọn dún, ẹ̀mí sì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ lísè kan wà tó jẹ́ pé bí páìpù èéfín ọkọ̀ akẹ́rù kan bá ti dún pàà lójú ọ̀nà, abẹ́ tábìlì ló máa bá ara rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀wé dáadáa ni. Wọ́n ní ojo ni. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń sùn.

Láti 2011 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ méjì mìíràn ti kọ ìwé fún àwa tí a máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí irú láburú bẹ́ẹ̀ bá. Ohun tó wà níbẹ̀ ò le: gbé e kúrò nínú ewu, fún un lómi, wá ẹbí rẹ̀ kàn, jókòó tì í, gbọ́ ọ bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Má fi agbára mú un sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà kan, wọ́n máa ń kó àwọn ènìyàn jọ kíákíá kí wọ́n ro ohun tójú wọn rí, wọ́n rò pé ó máa tú wọn lára. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò ràn wọ́n lọ́wọ́, WHO sì ti ní ká yé ṣe é.

ỌmọWàńdó, tìẹ ti ju oṣù kan lọ dáadáa. Ṣé o ń sùn? Ṣé ohun kan wà tí o máa ń sá fún? Bí ó bá ń dí ọ lọ́wọ́ ìwé àti oúnjẹ, àìsàn tó ní ìtọ́jú ni. Ìtọ́jú rẹ̀ ní kí èèyàn sọ̀rọ̀ ọ̀hún díẹ̀díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí o ti lè sọ pé "ó tó" kó sì tó. Jákò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, wà ní Kútọnu. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ nípa Jákò. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbẹ̀, ó padà wá, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Ọmọ_Alákétu

Ohun tó ń ya èmi lẹ́nu ni pé pẹ̀lú gbogbo owó Amẹ́ríkà, wọn ò lè ti ilẹ̀kùn. Kí ilé-ìwé ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹni tó mú ìbọn dání dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Àwa tiwa nílẹ̀ yìí ò tiẹ̀ mọ irú ẹ̀.

Ará_Sakété_lókè_òkun

@Ọmọ_Alákétu ìwọ ọmọ Kétu lo ń sọ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo? Àkàbà Ìdènà ńkọ́? Odi yí ìlú yín ká, yàrà yí odi ká, ẹnubodè kan péré, oògùn wà lára ilẹ̀kùn. Lọ́dún 1886, Dàhòmì wọlé, wọ́n kó yín lẹ́rú lọ.

Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, ọmọ mi ń lọ sílé-ìwé níbí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ní Columbine lọ́dún 1999, ọlọ́pàá tó ní ìbọn wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 12 àti tísà kan kú lọ́jọ́ náà. Ní Parkland lọ́dún 2018, ọlọ́pàá ilé-ìwé dúró síta, ènìyàn 17 kú. Ní Uvalde lọ́dún 2022, àwọn agbófinró tó lé ní 370 ló dé ibẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó já wọ yàrá tí apààyàn náà wà. Ọmọdé 19 àti tísà 2 ló kú. Ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, tísà ti pa á dé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni ò mú.

Ohun tí ẹ̀yin ará ilé ò mọ̀ ni pé ní àwọn ilé-ìwé girama, ọmọ ilé-ìwé náà tàbí ẹni tó ti jáde níbẹ̀ ló sábà máa ń ṣe é. Ẹni tí ẹnu ọ̀nà náà ṣí fún ni. Inú ilé ẹbí rẹ̀ ni ìbọn sì ti máa ń wá. Ọmọ tó pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Oxford ní ìpínlẹ̀ Michigan lọ́dún 2021, ìyá àti bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n báyìí torí ìbọn tí wọ́n rà fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ẹnì kan pa ọmọdé 16 àti tísà wọn ní Dunblane lọ́dún 1996, ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fòfin dè, kì í ṣe ilẹ̀kùn ni wọ́n lọ tì.

ỌmọWàńdó, àbúrò mi, o ò burú. Nígbà tí ìbọn dún ní yunifásítì Michigan State ní oṣù kejì 2023, àwọn kan wà lára akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó jẹ́ pé Oxford yẹn ni wọ́n ti jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì kí ọdún méjì tó pé. Ẹ ní kí irú wọn wá ka ẹgbẹ̀rún tó ṣubú?

Tísà_Kétu

"Àwa tiwa ò mọ irú ẹ̀." Hmm. Buni Yadi ní Nàìjíríà, oṣù kejì 2014, wọ́n pa àwọn ọmọkùnrin ilé-ìwé lórí ibùsùn wọn. Oṣù kẹrin ọdún kan náà, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok. Garissa ní Kẹ́ńyà, 2015, ènìyàn 148. Níbí gan-an, lókè ní Àlìbórì àti Àtàkórà, àwọn ilé-ìwé kan ti tì nítorí àwọn agbébọn. Tiwa kì í ti inú kíláàsì jáde, inú igbó ló ti ń wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

ỌmọWàńdó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Baba Àjàrá, mi ò bínú sí yín. Òótọ́ ni ti ààwẹ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ó dà bíi pé ẹ wà níbẹ̀.

Tàtá Nọ́ọ̀sì, mo ń sùn tí iná bá wà ní títàn. Mi ò lè jókòó kí n kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, yálà nínú ọkọ̀, yálà ní ilé oúnjẹ. Ní ọjà Wàńdó lọ́jọ́sí, ẹnì kan ju páálí ọtí sílẹ̀ látorí ọkọ̀, kí n tó mọ̀, mo ti wà nísàlẹ̀ ìsọ̀ ìyá oníṣu. Ìyá náà ò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn sún iṣu rẹ̀ sẹ́yìn fún mi.

Ó ku nǹkan tí mi ò sọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Kétu, ọdẹ ni wọ́n. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àwọn àti ẹgbẹ́ àwọn máa wá yin ṣakabùlà níwájú ilé. Wọ́n ní ìbọn ló fẹ́ pa mí, ìbọn náà ló máa yẹ́ mi sí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bì ní bálùwẹ̀.

Baba_Àjàrá

Háà. Ti ìbọn yẹn, mo gbà. Kí wọ́n má yìn ín.

Àkàndé_Ọdẹ

Ọdẹ ni mí, ọmọ ọdẹ sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fẹ́ràn rẹ, ẹ̀tù ti wọ́n báyìí, owó ńlá ni wọ́n fẹ́ ná sórí rẹ yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bí aláboyún bá wà nítòsí a ò ní yìn ín, bí ọmọ tuntun bá wà nílé a máa lọ jìnnà. Má jẹ́ kí màmá rẹ lọ sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á ní obìnrin ló ń dí àwọn lọ́wọ́. Ìwọ fúnra rẹ lọ kúnlẹ̀, sọ ti bálùwẹ̀ yẹn fún wọn gẹ́gẹ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún wa. Kí wọ́n wá sun ìjálá. Kí wọ́n fi oríkì gbé ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn náà ń dún.

Tàtá_Ràmátù

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ látòkè. Ẹ sọ̀rọ̀ ìbọn, ẹ sọ̀rọ̀ Dàhòmì, ẹ rán ọmọ lọ sí Jákò. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìyá.

Ọmọ mi, Mùsùlùmí ni mí, n ò mọ ìdúpẹ́ yín. Tiwa, a máa ṣe sàráà: a ó dín àkàrà, a ó pín in fún àwọn ọmọ kéwú, àfáà á ṣàdúà, ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é lè má yọjú síta rárá. Ìyẹn wà níbẹ̀ bí o bá ń wá àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyí: ṣé o ti bi màmá rẹ bí òru ọjọ́ yẹn ṣe rí fún wọn? Wọ́n pè ọ́, o ò gbé e. Wọ́n tún pè. Ta ló wá sọ fún wọn? Wákàtí mélòó ló wà láàárín kí wọ́n gbọ́ pé ìbọn dún àti kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ? Èmi tí mo bímọ, mo mọ̀ pé ohun kan wà nínú obìnrin yẹn tó ń wá ọ̀nà àtijáde, ìjọ sì ni ibi tó mọ̀.

Aláṣọ_Àjàṣẹ́

Aláṣọ funfun ni èmi. Àjàṣẹ́ níbí ni ìjọ wa ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947, ìdúpẹ́ tí ojú mi ti rí ò lóǹkà. Bí ẹni tó dúpẹ́ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kò pọn dandan. Mo ti rí obìnrin tó jó wọlé, tó gbé àbẹ́là sílẹ̀, tó wólẹ̀, tó jó jáde, tí kò la ẹnu. Bàbá Àjàrá, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìdúpẹ́ ni?

Baba_Àjàrá

Ìdúpẹ́ ni. N ò sọ pé kì í ṣe ìdúpẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ẹ̀rí bá di ohun tí a ń gbé pamọ́, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mi ò tíì gbà tán o.

Sẹ́gun229

Mo bẹ̀bẹ̀ fún ti àná. Àbúrò mi náà ti gba físà, oṣù kẹjọ ló ń lọ. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn. Kí ni kí n sọ fún un?

ỌmọWàńdó

@Sẹ́gun229 kò sí wàhálà. Sọ fún un pé bí ó bá wọ kíláàsì tuntun, kó wo ibi tí ilẹ̀kùn kejì wà, kó sì jókòó kó máa kọ̀wé rẹ̀. Kó máa ṣe ìdánrawò bí wọ́n bá pè é sí i, kó má ṣe bíi tèmi. Kó sì pa iná ojú fóònù rẹ̀ bí wọ́n bá ti ní ká pa ohùn.

Tàtá Ràmátù, mo bi wọ́n. A ń ṣa ewé gbọ̀mọ̀ lẹ́yìnkùlé ni mo bi wọ́n, kí n má baà wo ojú wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ní ọmọ àbúrò àwọn tó wà ní Ítálì ló rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó pè, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ò jókòó. Wọ́n rìn yí ilé ká títí tí mo fi pè. Wọ́n sì ní láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé fóònù mi ń tàn nínú òkùnkùn yẹn, àwọn ò tíì sun oorun tó péye, torí ọwọ́ àwọn ló ń pè. "Bí ẹni yẹn bá rí iná yẹn ńkọ́? Èmi ni ǹ bá fi ọwọ́ ara mi pa ọ́."

Mi ò mọ̀. Mo rò pé mò ń sọ ìtàn fún wọn ni.

Wọ́n ní ẹ̀rí tí àwọn ń wí, tèmi kọ́. Tàwọn ni. Àwọn kàn rò pé ìjọ ò ní jẹ́ kí ìyá jẹ́ ẹ lójú ọmọ. Nítorí náà, ibi tí a fẹnu kò sí rèé: àwọn ló máa dúró, àwọn ló máa sọ̀rọ̀ ara wọn, alẹ́ yẹn àti ìrìn yíká ilé. Ẹ̀yìn ni èmi máa jókòó, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. A ò ní ka 91, 130 la máa kà. Lórí aṣọ, mo ti pàdánù, mo máa wọ̀ ọ́, àwọ̀ rẹ̀ burú gan-an.

Wọ́n bèèrè orúkọ ìyá ọmọ tó ni ẹ̀rọ ìṣirò, wọ́n fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún un. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá bá mi wí pé kí ni ohun olóhun ń wá nínú báàgì mi láti ọdún tó kọjá, pé kí n dá a padà fún ìyá rẹ̀ kíákíá. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Ará_Sakété_lókè_òkun

Má fi ránṣẹ́ tààrà sílé wọn, ó lè bá wọn lójijì. Ní àwọn yunifásítì níbí, ọ́fíìsì kan máa ń wà fún ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kọ ìwé sí wọn, ní ohun ọmọ wọn kan wà lọ́wọ́ rẹ, kí wọ́n bá ọ bi ẹbí bóyá wọ́n fẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò tíì fẹ́, bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀ẹ́

Ó dára bẹ́ẹ̀. ỌmọWàńdó, màmá rẹ náà ò sùn o. Nígbà tí o bá ń bọ̀ ní Kútọnu, ẹ jọ máa bọ̀ ni. Mo ti fi nọ́ńbà ẹni tí ẹ máa rí sínú àpótí rẹ.

Àkàndé_Ọdẹ

Ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ńkọ́? Ṣé o ti lọ?

ỌmọWàńdó

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí Kétu. Wọ́n ti ra ẹ̀tù o.

Ọmọ_Alákétu

@Ará_Sakété_lókè_òkun mi ò tíì gbàgbé tèmi. Wọn ò já Àkàbà Ìdènà o. Wọ́n dó ti ìlú ni, ebi ló mú àwọn ará ilé. Ẹ má pa ìtàn ìlú wa dà.

Alábòójútó

Ọmọ_Alákétu, lọ ṣí òpó tìẹ fún Ìdènà. Mo ń kó àwọn ọ̀rọ̀ 1886 lọ síbẹ̀ lálẹ́ yìí.